Ẹsẹ̀ Màmá Tí Mo Fẹ́ Fi Borí Múyìwá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ tó yẹ kó ti ṣẹ́ ẹ. Ó yẹ kó ṣẹ́ ẹ. Kò ṣẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró síwájú yín láàárọ̀ yìí.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ni mo ti ń kà á. Pásítọ̀ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wọn, gbogbo ibi tó ń ti mí lójú ni mo fò. Wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́, kí n má fo nǹkan kan. Mo ti kọ ọ́. JS3 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, bí mo bá ń kọsẹ̀ níbì kan, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ iṣẹ́ mi. Másáàjì ni mò ń ṣe, ní ilé másáàjì kan ní Ìkátẹ. Mi ò kọ́ ọ níbì kan. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo wà ní Ajah. Bí a bá gẹrun fún ènìyàn tán, èmi ni mo máa ń fi tówẹ́lì gbígbóná ra orí àti èjìká rẹ̀, àwọn míì á sì sùn lọ lórí àga. Ibẹ̀ ni Àǹtí Fúnkẹ́ ti rí mi lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ wọn wá gẹrun. Wọ́n ní àwọn ń ṣí ilé másáàjì, ṣé mo lè wá. Mo lọ. Fún ọdún mẹ́ta, bí ènìyàn bá wọlé tó ní ẹ̀yìn ń dun òun, orúkọ mi ni wọ́n máa ń pè. Lẹ́yìn náà ni Múyìwá dé.

Èmi ni mo kọ́ Múyìwá bí a ṣe ń ká tówẹ́lì. Èmi ni mo fi hàn án bí a ṣe ń mú kí òróró lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó kan ara ènìyàn. Mo ń sọ ọ́ fún yín nítorí pé òun gan-an ni mo máa ń sọ fún ara mi, nínú kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, nínú kẹ̀kẹ́ nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, Múyìwá wá bá mi pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Oníru tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ wa yìí dáadáa, pé ọjọ́ ìsinmi wa ni wọ́n ń ṣe é, ká jọ lọ. Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ ń gbọ́. Mo ní, "Ọwọ́ ni mo fi ń jẹun ní tèmi, kì í ṣe bíírò." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Múyìwá náà rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ ní kí n dìde kàwé sókè lójú àwọn ènìyàn, bí mo ṣe ń kà yìí. Ó dá lọ. Fún oṣù bíi mẹ́fà, tí mo bá ń sùn lọ́jọ́ ìsinmi, òun wà ní kíláàsì.

Nígbà tó parí, Àǹtí Fúnkẹ́ fi gíláàsì bo sàtífíkéètì rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé ò ti ní ṣàì rí i. Tó bá kàn mí láti nu ilé, màá nu dígí, màá nu ẹ̀rọ éésì, màá nu ẹsẹ̀ àga. Mi ò ní nu gíláàsì yẹn. Ó ṣe, eruku bò ó. Lọ́jọ́ kan Múyìwá kọjá, ó rí i, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ìbá sàn kó bú mi.

Ọkùnrin kan wà ní Lẹ́kkí Phase 1 tó ń ṣiṣẹ́ bánkì, ọrùn ló máa ń dùn ún. Ọdún méjì ló fi wà lọ́wọ́ mi. Ní Sátidé kan, ó wọlé, mo dìde, ó wo ẹ̀yìn mi kọjá, ó ní ṣé Múyìwá ráyè, kó bá òun yẹ ọrùn yìí wò. Mo jókòó padà. Kọ́tìnì ló wà láàárín wa. Mo gbọ́ nígbà tí Múyìwá fọwọ́ kan ibì kan, tí ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ìmí kan báyìí, tó gùn, tí kò mí rí lọ́wọ́ mi fún odidi ọdún méjì. Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ pé ènìyàn máa ń jowú mọ́tò, pé ó máa ń jowú ilé. Èmi jowú ìmí.

Bó ṣe di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nìyẹn. Màá gbé tówẹ́lì dání bí ẹni tó fẹ́ tò ó, màá dúró sí ibi tí kọ́tìnì ti ya díẹ̀. Mo rí bí ó ṣe ń ṣe ẹsẹ̀ tó bá wú. Kì í tẹ̀ ẹ́. Á fọwọ́ lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń ra ọmọ tuntun, láti ọrùn ẹsẹ̀ gòkè dé itan, lọ́pọ̀ ìgbà. Mo sọ nínú ara mi pé ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí. Mo délé, mo dán an wò lára ẹsẹ̀ tèmi. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n, pé tèmi á tún dára jù, torí ọwọ́ tèmi lágbára.

Ohun kan wà tí mo rí tí mi ò kà sí. Kí Múyìwá tó mú ẹnikẹ́ni wọ inú yàrá, á kọ́kọ́ fún un ní àga, á bi í ní ìbéèrè bíi mẹ́wàá, á máa kọ ọ́ sínú ìwé kan. Àṣehàn ni mo pè é. Mo ní nítorí ó lọ sí kíláàsì ló ṣe ń dá ènìyàn dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń jí wò, mi ò jí ẹnu rẹ̀ gbọ́.

Ibi tí mo fò nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Pásítọ̀ ló kù yìí.

Ẹ mọ àpótí ẹ̀bẹ̀ àdúrà tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Mo pinnu láti fi Múyìwá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀ pé orúkọ ènìyàn nìkan ò tó. Múyìwá tó wà ní Ajah nìkan á kún bọ́ọ̀sì. Àwa Yorùbá, bí a bá fẹ́ kí àdúrà mọ ilé ẹni tó ń lọ, orúkọ ìyá rẹ̀ là ń fi kún un. Mi ò sì mọ orúkọ ìyá Múyìwá. Mo kàn mọ̀ pé ara wọn ò yá, pé Abẹ́òkúta ni wọ́n wà. Mo lọ bá a níbi tó ti ń jẹun lọ́sàn-án. Mo ní mo fẹ́ máa rántí ìyá rẹ̀ nínú àdúrà, kí lorúkọ wọn.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Morẹ́nikẹ́ ni. Dàpọ̀, o ṣeun o. Ìwọ nìkan lo bi mí."

Ìyẹn ò dá mi dúró. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí Olúwa ká Múyìwá ọmọ Morẹ́nikẹ́ kúrò lójú ọ̀nà mi. Mo ká a sí mẹ́rin, mo sọ ọ́ sínú àpótí, mo lọ jókòó, mo sì bá yín kọrin. Àwọn tó fọwọ́ lé àpótí yẹn tí wọ́n gbàdúrà sí i lọ́jọ́ náà, wọn ò mọ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, torí mo fi ẹnu yín ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiyín.

Ní Túsìdè, wọ́n pe Múyìwá láti ilé pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀ ní Tọ́sìdè. Wẹ́sìdè ló lọ. Nígbà tí mo rí i tó gbé báàgì kọ́ èjìká, mo kọ́kọ́ rántí ìwé tí mo sọ sínú àpótí. Lẹ́yìn náà, inú mi dùn. Mo ní kí n má purọ́ níbí. Inú mi dùn. Mo ní àdúrà ti gbà.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Màmá Ìkátẹ wá. Ọmọ onílẹ̀ gidi ni wọ́n, baba wọn ló ta ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ wa wà lórí rẹ̀, nítorí náà Àǹtí Fúnkẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Kọ́sítọ́mà Múyìwá ni wọ́n. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Àǹtí Fúnkẹ́ ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró di ìgbà tí Múyìwá bá dé, pé ara ìyá rẹ̀ ni kò yá tó fi rìnrìn àjò. Mo yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Mo ní, "Àǹtí, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí Múyìwá ń ṣe náà ni." Wọ́n bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. "Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dà bí ọlọ yìí? Ó dáa, a ó wò ó."

Mo mú wọn wọlé, mo ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, mo da òróró sọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ kì í béèrè nǹkan ni? Ọ̀rẹ́ rẹ máa ń bi mí léèrè bí ọlọ́pàá."

"Ọ̀rẹ́ rẹ" tí wọ́n pè é yẹn ta mí létí. Mo ní, "Màmá, mo ti mọ ohun tó ń ṣe yín."

Mo fọwọ́ lé ẹsẹ̀ òsì wọn, níbi iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Ó le gan-an. Bí ó ṣe le tó yẹn, mo ní kókó ni, pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa á tú, Màmá á mí ìmí yẹn, gbogbo ilé á sì gbọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Màmá ké. Wọ́n yí padà dìde jókòó, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n dúró ná, pé àwọn máa ń gbàdúrà kí wọ́n tó fọwọ́ kan àwọn, ẹsẹ̀ tó ń dun àwọn ló jẹ́ kí àwọn gbàgbé. Wọ́n ní kí n gbà á, ṣebí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Mo gbà á wàràwàrà, kí n lè padà sídìí iṣẹ́. Ibi tí mo ti fẹ́ ṣe àmín ni wọ́n ti ní, "Fi ìyá Múyìwá kún un. Kí lorúkọ ìyá rẹ̀?"

Nínú gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Morẹ́nikẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Gbàdúrà fún Morẹ́nikẹ́."

Ẹ̀yin ará, ẹnu mi ò ṣí. Mo gbìyànjú rẹ̀. Orúkọ tí mo kọ sínú àpótí náà nìyẹn. Ọwọ́ mi ṣì wà lára ẹsẹ̀ Màmá, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn gbóná. Ó ti ń gbóná láti ọjọ́ yìí. Mo lajú nínú àdúrà, mo wò ó. Ẹsẹ̀ òsì tóbi ju ọ̀tún lọ, ó sì ń pọ́n. Láti ìgbà tí Màmá ti wọlé, mi ò tíì wo ẹsẹ̀ yẹn. Múyìwá ni mò ń wò.

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, mò ń bọ̀. Mo jáde, mo pe Múyìwá lórí fóònù. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí ju ojútì lọ. Ó gbé e, ó rò pé ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ kí. Mo ní Màmá Ìkátẹ wà níbí. Ó bi mí pé ẹsẹ̀ kan ló wú àbí méjèèjì. Mo ní ọ̀kan. Ó bi mí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀. Mo sá wọlé lọ bi Màmá. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó bi mí pé ṣé wọ́n rìnrìn àjò. Mi ò mọ̀. Mo tún sá wọlé. Wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ọmọ wọn dé láti London ni, pé nínú ọkọ̀ òfurufú, àwọn ò dìde rárá.

Múyìwá ò tún bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó wá ní, "Má fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣé o gbọ́? Má jẹ́ kí wọ́n rìn. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù báyìí báyìí."

Èmi àti dírẹ́bà wọn la gbé wọn sínú mọ́tò. Ọsibítù kan ní Phase 1 la gbé wọn lọ. Lójú ọ̀nà, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé, kí ló dé, èmi kàn ń ní kí dírẹ́bà sáré. Wọ́n yẹ ẹsẹ̀ náà wò, dókítà jáde wá bá wa pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ wọn. Ó béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ ra á. Mo ní èmi ni, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ká dúpẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó ní bí wọ́n bá ń tẹ irú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó gba inú iṣan lọ dí ẹ̀dọ̀fóró pa, kí ènìyàn sì kú kí wọ́n tó dé ilẹ̀kùn. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lórí táìlì.

Wọ́n tọ́jú Màmá. Wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ àti oògùn, wọ́n dá wọn dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n sì padà sílé. Wọ́n wà láàyè. Wọ́n ṣì ń bú mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Fúnkẹ́. Wọn ò lé mi. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́sítọ́mà kankan títí àwọn á fi ní kí n ṣe é, kí n máa fọ tówẹ́lì. Mo fọ tówẹ́lì.

Ti Múyìwá ló le jù. Nígbà tó dé, mo pè é sí ẹ̀yìn, níbi tí a ti ń sá aṣọ, mo sọ ti ìwé tí mo sọ sínú àpótí fún un, àti ìdí tí mo fi béèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Mo rò pé á gbá mi létí. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo kọ ọ́. Mo ní Sọ́ńdè.

Ó ní, "Tọ́sìdè ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá mi. Fúráìdè, wọ́n béèrè ẹ̀kọ. Ọlọ́run ò ka ìwé rẹ."

Ó wọlé lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, "ẹ káàárọ̀" ni gbogbo ohun tó ń sọ fún mi, pẹ̀lú ẹ, bí ẹni ń kí àlejò. Ẹ ò lè mọ bí ẹ yẹn ṣe ń dun ènìyàn tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ ló ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan, ó gbé ìwé tó fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà wá síwájú mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ. Ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Mo kọsẹ̀ níbi mẹ́ta. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ Oníru ń gba àwọn tuntun.

Mo ti wà níbẹ̀ báyìí. Oṣù kẹta nìyí. Obìnrin tó ń kọ́ wa ti ní kí n dìde kàwé sókè, bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀ gan-an. Mo kà á, mi ò kú. Mo ti mọ orúkọ iṣan tí mo ti ń tẹ̀ láti ọdún mẹ́rin láìmọ ohun tí wọ́n ń pè é. Mo ti mọ ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn. Àǹtí Fúnkẹ́ sì ti fún mi ní ọrùn àti èjìká padà, bí Múyìwá bá wà nílé.

Mi ò ní sọ fún yín pé ìlara ti tán lára mi. Pásítọ̀ ní kí n má fo nǹkan kan. Ní Tọ́sìdè tó kọjá, Màmá Ìkátẹ wá, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé, wọ́n kí mi, wọ́n ní "ọlọ, ṣé dáadáa ni," wọ́n sì wọlé tọ Múyìwá lọ. Ó ta mí níbí. Ó ta mí, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mi ò súnmọ́ kọ́tìnì. Ẹ máa bá mi gbàdúrà sí i.

Mo sọ fún Múyìwá pé òní ni màá jẹ́rìí. Ó ní òun á wò ó. Mi ò rí i láàárín yín, mi ò sì bínú. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ bá mi yọ̀ ná. Wọn ò sọ fún mi rí pé a máa ń gba ènìyàn là lọ́wọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yín gbà mí lọ́wọ́ ọwọ́ méjèèjì yìí, ó sì gba Màmá lọ́wọ́ mi. Mi ò lè sọ pé ọwọ́ yìí ti mọ́ tán. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ẹ bá mi gbé e sókè fún Un. Ẹ bá mi pariwo halelúyà.